Òkun Tí Wúrà Fi Ń Yangàn

N kò ní dárúkọ ìlú náà. Ìsàlẹ̀ pátápátá ní ilẹ̀ Ítálì ló wà, níbi tí ilẹ̀ ti ń tán lọ sínú omi, kò sì sí lára àwọn ìlú tí àwọn olówó máa ń lọ ya fọ́tò. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, ẹnì kan nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ní Adó á fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀, àbúrò á sọ fún ọ̀rẹ́, kí n tó mọ̀, a ó ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ahun ni mí lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo gbà. Mo ti jowú nítorí ìlú yẹn ju bí mo ṣe jowú nítorí ọkùnrin kankan lọ.

Wúrà ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn.

Ọmọ Ìyìn ni Wúrà. Nígbà tí mo ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá wa ní Òkèṣà ní Adó, òun ló kéré jù nínú àwọn ọmọ iṣẹ́. Á wọ ọkọ̀ láti Ìyìn láràárọ̀, á gbálẹ̀, á finá sí áyọ́ọ̀nù eléèédú, á sì kúnlẹ̀ níwájú mi: “Àǹtí, ẹ kú àárọ̀ o.” Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ màṣíìnì láìfi itọ́ sí i. Nígbà tí mo wá dé ilẹ̀ Ítálì, tí òun náà tẹ̀ lé mi lẹ́yìn ọdún díẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì mi ló kọ́kọ́ sùn kó tó ríṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ṣé kì í ṣe iwájú ló yẹ kí n wà, kí òun máa bọ̀ lẹ́yìn?

Ìlú tí mo wà nígbà náà wà ní apá òkè ilẹ̀ Ítálì, níbi tí òtútù ti ń wọ ènìyàn léegun. Ilé ìfọṣọ kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn òtẹ́ẹ̀lì là ń fọ̀, là ń lọ̀, là ń ká. Èmi tí mo ti gé léèsì, tí mo ti rán bùbá tí àwọn aya olóṣèlú ń jà lé lórí, aṣọ funfun tí kò lọ́rùn tí kò lápá ni mo ń ká láti àárọ̀ títí ẹ̀yìn mi fi ń kọ́. Bí mo bá dé ilé, mo máa ń dúró jẹun nídìí sítóòfù ni, nítorí pé bí mo bá jókòó sídìí tábìlì, àga kejì á máa wò mí.

Kì í ṣe òtútù ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo pàdé obìnrin tó ń gbé lókè mi lórí àtẹ̀gùn. Mo kí i kú àárọ̀, mo kí i kú òtútù, mo bi í bí ó ṣe sùn, mo bi í bí àwọn ọmọ ṣe wà. Ó dá mi lóhùn ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó sì sáré ti ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà, bó bá gbúròó ẹsẹ̀ mi, inú ilé ni yóò dúró sí títí n ó fi kọjá. Ní Adó, bí ènìyàn bá kọjá láìkí wa, a ó ránni lọ wo ilé rẹ̀, bóyá nǹkan ṣẹlẹ̀.

Mo ní ìṣẹ́gun tèmi náà o, ẹ má rò pé ẹkún nìkan ni mo ń sun. Ní ọjọ́ kan nílé oníbúrẹ́dì, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù olówó ńlá gba iwájú mi bọ́ sórí ìlà. Mo yanu, èdè wọn sì jáde ní geere: “Ọ̀gá, ẹ̀yìn mi ni ẹ wà.” Gbogbo wọn yíjú. Oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín, ó sì kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Mo gbé búrẹ́dì yẹn délé bí ẹni gba ife ẹ̀yẹ, mo gbé e sórí tábìlì, mo wá rí i pé kò sí ẹni tí n ó ròyìn rẹ̀ fún.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ìyá mi, lẹ́yìn Mísà. Ìyá Wúrà ti sọ ọ́ dàṣà láti máa yà kí i bó bá ti Ìyìn wọ Adó wá nájà, bó bá sì yà, fóònù á jáde láti inú báàgì.

“Mo rí òkun!” Ìyá mi ń pariwo bí ẹni pé òun ló lómi. “Ó rí bí aró. Wúrà jókòó tì í, ó wọ awò dúdú. Àwọn òyìnbó arúgbó kan dì mọ́ ọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ùlú náà tutù, kò sí wàhálà.”

“Ó dáa, Màámi.”

“Ùlú tìrẹ ń kọ́? Ṣé kò lómi ni?”

Mo wo ojú fèrèsé mi. Ògiri ni. “Odò wà níbí, Màámi.”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Ya fọ́tò ẹ̀, kí èmi náà rí nǹkan fi han Ìyá Wúrà.”

Mo wọ kóòtù, mo lọ ya odò náà lóòótọ́. Ó rí bí omi tí àwọn tó jẹ ọbẹ̀ tán fi ṣanwọ́. Mo pa fọ́tò náà rẹ́, mo sì sọ fún ìyá mi ní ọ̀sẹ̀ kejì pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára.

Ibi tí owú ti ń jẹ mí báyìí ni Wúrà pè. Ó ní ìyá arúgbó kan wà ní àdúgbò òun, orúnkún ń dà á láàmú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà lọ́nà jíjìn, ó ń wá ẹni tí yóò máa bá ìyá náà gbélé. “Àǹtí, ẹ̀yin ni mo dárúkọ. Yàrá wà. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun. A ó sì jọ wà ní ojú kan náà, a ó máa sọ èdè wa.”

Ṣé ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn? Kì í ṣe ọpẹ́. Mo ní: Wúrà tó ń finá sí áyọ́ọ̀nù mi, òun ló wá ń bá mi wáṣẹ́ báyìí? Ṣùgbọ́n ilé ìfọṣọ ti ń jẹ mí tán, ohùn Wúrà nínú fóònù sì ni ohùn Èkìtì kan ṣoṣo tí mo ti gbọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Bí mo bá pàdánù iṣẹ́ yìí, inú yàrá ológiri yẹn náà ni n ó darúgbó sí. Mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo lọ.

Mi ò ní purọ́, mo ń wá àléébù lọ ni.

Wúrà wá pàdé mi níbi tí ọkọ̀ já mi sí. Àléébù kọ́kọ́ pọ̀. Ọ̀dà ara ilé ń ṣí bí èépá ojú egbò. Àwọ̀n ẹja wà lórí ògiri, òórùn rẹ̀ gba ìgboro. Ológbò dùbúlẹ̀ síbi gbogbo bí ẹni pé àwọn ló ń gba owó orí. Ọ̀nà ilé Wúrà sì ga ju gegele lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ Èkìtì kì í bẹ̀rù òkè, mo gùn ún. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé, ẹ̀n-ẹ́n, fọ́tò ń purọ́.

Ìgbà náà ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀. “Úrà! Úrà!” Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn. Onígbàjámọ̀ fi irun oníbàárà sílẹ̀, ó jáde wá kí i. Obìnrin kan láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fi okùn sọ agbọ̀n kalẹ̀, òróǹbó wà nínú rẹ̀, ó ní kí Úrà mú méjì, kí àlejò rẹ̀ náà mú. Apẹja kan ká ẹja sínú bébà, ó sì fi lé e lọ́wọ́ láìdúró gba ọpẹ́. Wúrà sì ń dá gbogbo wọn lóhùn, ó ń bi wọ́n bí ara ti rí, ó ń bú wọn, wọ́n ń bú u padà. Bí ẹ bá di ojú yín, ẹ ó rò pé ó ń gba ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ kọjá ní Ìyìn ni. Ara mi gbóná. Mo wá bó òróǹbó náà, mo ń gbàdúrà kó kan. Ó dùn bí oyin.

Nígbà tí a yọ sí orí òkè náà ni mo rí òkun fúnra rẹ̀. Àárín òkè ni wọ́n bí mi sí. Omi tí mo mọ̀ nílé ni odò tí ọkọ̀ ń gba orí afárá rẹ̀ kọjá lójú ọ̀nà Ìjan, èyí tó jẹ́ pé lẹ́ẹ̀rùn, ewúrẹ́ lè rìn ín kọjá. Ẹnu mi yà, n kò lè pa á dé. Mo wá ń bínú sí Wúrà pé ó ń jí wo irú nǹkan báyìí láràárọ̀, kò sọ fún mi. Ó sì sọ o. Ó ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ títí ó fi sú mi.

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìyá arúgbó náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ojú ìyá mi. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí ìyá mi bá mú wa lọ kí ènìyàn, tí onílé gbé oúnjẹ jáde, kì í sọ̀rọ̀. Á kàn wò wá. A ti mọ̀. “Ẹ ṣé, mà, a ti yó.” Bó ṣe ìrẹsì ẹlẹ́ran, a ti yó. Bó ṣe pé omi nìkan la mu láti àárọ̀, a ti yó. Ọmọ tó bá jẹun nílé onílé láìwo ojú ìyá rẹ̀, ọ̀kánjúwà ni, àwọn òbí rẹ̀ ni ó sì dójú tì. Onílé tó mọ àṣà náà mọ̀ pé irọ́ la ń pa. Á tún pè wá lẹ́ẹ̀kan sí i, á bẹ ìyá wa, ìyá wa á wá mi orí díẹ̀, a ó tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Bí ayé ṣe ń lọ nìyẹn, kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni.

Sìnyóra Asúntà, bí ẹni ń sọ pé Ìyáàfin Asúntà, ni wọ́n ń pe ìyá arúgbó náà. Obìnrin kúkúrú ni, aṣọ dúdú ló wọ̀, ojú rẹ̀ mú. Wúrà ti sọ fún mi pé ìyá náà fúnra rẹ̀ ló máa pinnu. Bó bá ní òun kò fẹ́, kò sí ohun tí ọmọ rẹ̀ lè ṣe. A bá tábìlì ní títẹ́. Ẹja nínú ọbẹ̀ tòmátì, tàtàṣé tí wọ́n sun tí wọ́n ta òróró sí, makaróònì, búrẹ́dì tí èéfín ṣì ń jáde lára rẹ̀.

“Jókòó, kí o jẹun,” ó ní.

Mo tẹrí ba. “Ẹ ṣé, mà. Mo ti yó.”

Láti ìdájí tí mo ti wọ ọkọ̀, òróǹbó yẹn nìkan ló wọ inú mi. Wúrà fẹsẹ̀ gbá mi lábẹ́ tábìlì. Sìnyóra tún gbé àwo sún mọ́ mi. Inú mi dùn, mo ní ó ń ṣe é bó ṣe yẹ, ó kù díẹ̀ kó bẹ̀ mí. Mo ní, “Ẹ má ṣèyọnu, mà, mo ti jẹun lọ́nà.” Ikùn mi sì kùn, mo wúkọ́ bò ó.

Kò tún pè mí mọ́. Ó gbé àwo mi kúrò níwájú mi, ó dà á padà sínú ìkòkò. Wúrà jẹ tirẹ̀, ó bu òmíràn, ó fi búrẹ́dì nu ọbẹ̀ ìsàlẹ̀ àwo títí àwo fi mọ́. Sìnyóra ń wò ó bí ìyá tó ń wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àìsàn. Èmi káwọ́ gbera, mo ń wo ọ̀fun Wúrà bó ti ń lọ sókè tó ń lọ sódò. Ebi ń pa mí, owú ń jẹ mí, n kò mọ èyí tó le jù nínú méjèèjì.

Nígbà tí a ń lọ, Sìnyóra bá Wúrà sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò wò mí. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. “Ọ̀rẹ́ rẹ yìí, ṣé ọwọ́ mi ń rí i lára ni? N kò lè bá ẹni tí kò jẹun mi gbélé.”

Bí a ṣe bọ́ síta, Wúrà yíjú sí mi. “Àǹtí, kí lẹ ṣe yẹn? Ìyá yẹn ti wà nídìí uná láti àná nítorí yín!”

“Kí n máa jẹun nílé ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀? Ìwọ lo lè ṣe bẹ́ẹ̀. O ti jẹ ilé gbogbo ní ùlú yìí kárí, ìdí tí wọ́n fi ń pariwo orúkọ rẹ nìyẹn.”

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le. Mo fẹ́ kó le ni. Wúrà kò bú mi padà.

“Màámi náà máa ń wò mí, Àǹtí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débí, mo ń ní mo ti yó, mo ti yó, títí wọn ò fi pè mí mọ́. Wọ́n rò pé mo ń gbéra ga ni. Ọjọ́ kan ni mo wá rò ó pé ojú Màámi kò lè dé ibí.”

Ọ̀rọ̀ náà gún mi, nítorí pé òótọ́ ni, àti nítorí pé Wúrà ló sọ ọ́.

Mo ní kó máa lọ sílé, mo jókòó sórí òkúta kan létí omi. Mo ti wà ní ilẹ̀ yẹn ṣáájú Wúrà. Mo gbọ́ èdè wọn jù ú lọ. N kò jalè, n kò bá ẹnikẹ́ni jà, mo sì ń san owó ilé mi lásìkò. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹnì kan ò sí tí mo ti jẹun rí. Àwọn tí a jọ ń ká aṣọ ti pè mí sílé wọn rí, ní Kérésì àkọ́kọ́, ní Àjíǹde, nígbà ìrìbọmi ọmọ wọn. Mo lọ o, mo wọṣọ dáadáa lọ, mo sì sọ fún wọn pé mo ti yó. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò ní Adó ni mo ti ń yó kiri, ebi sì ń pa mí kú lọ. Èmi rò pé wọn kò nífẹ̀ẹ́ àlejò ni. Ọmọ Ìyìn tí mo kọ́ ní màṣíìnì ti já a kó tó kan èmi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò sọ fún Wúrà. Mo lọ kan ilẹ̀kùn Sìnyóra Asúntà. Ó ń bó ẹ̀wà tútù nínú kíṣìnì, kò ní kí n jókòó. Mo dúró síbẹ̀. Mo wá ọ̀rọ̀ tó dáa, n kò rí. Mo ní, “Mà, ebi ń pa mí.”

Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Ní gbogbo ayé mi, n kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí fún ẹni tí kì í ṣe ìyá mi.

Sìnyóra wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó dìde pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń ké, ó gbé ìkòkò àná jáde, ó bu ẹja náà sínú àwo ní tútù, kò tilẹ̀ gbé e kaná. Ìyà tó fi jẹ mí nìyẹn, ó sì tọ́ sí mi. Mo jẹ ẹ́ tán. Mo ní ṣé ó kù. Ó bu èyí tó kù. Nígbà tí mo fi búrẹ́dì nu ìsàlẹ̀ àwo, ó ti agbọ̀n ẹ̀wà náà sọ́dọ̀ mi, a sì jọ ń bó o lọ. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé mo ti ríṣẹ́. Nígbà tí ẹ̀wà tán, ó fi yàrá náà hàn mí.

Ẹ má rò pé owú parí níbẹ̀. Títí di òní, bí mo bá lọ ra ẹja, àwọn ará ìlú á ní, “Ọ̀rẹ́ Úrà, ẹ káàbọ̀.” Èmi! Ní Òkèṣà, ọmọ iṣẹ́ Àǹtí báyìí ni wọ́n ń pe Wúrà. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi pé mo ti ń gbé létí òkun, ó kígbe ayọ̀, ó sì kọ́kọ́ gbàdúrà fún Wúrà kó tó kan èmi ọmọ tó bí. “Ọlọ́run á bá mi bù kún Wúrà. Uṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ní bàjẹ́.” Mo ṣe àmín. Ó há mi lọ́fun bí egungun ẹja, ṣùgbọ́n mo ṣe é.

Ní Kérésì tó kọjá, Wúrà lọ sílé. Èmi kò lè lọ, torí orúnkún Sìnyóra ti burú sí i, kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò wà pẹ̀lú rẹ̀. Mo rán ìborùn kan fún ìyá mi, mo fi rán Wúrà. Ọjọ́ kejì Kérésì ni fóònù dún, tí ojú ìyá mi yọ, ìborùn náà wà lọ́rùn rẹ̀. Pálọ̀ wa ni. Wúrà jókòó sórí àga tí mo máa ń jókòó sí, iyán wà níwájú rẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ẹlẹ́ran ìgbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iyán náà funfun, ó ń dán, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóòórùn rẹ̀.

“Wò ó, Wúrà rèé!” Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín. “Mo ní ṣé á jẹun, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún ní kí n bù sí i! Unú mi dùn jọjọ. Àwọn tó ń ti òkè òkun bọ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń sọ pé àwọn ti yó. Wúrà kò wo ojú mi, uyán mi ló ń wò.”

Ìyá mi nìyí o. Ìyá mi tó ń fi ojú lásán pa ìfun wa lẹ́nu mọ́. Òkun wà lẹ́yìn mi nínú fèrèsé, ó rí bí aró, oòrùn sì wà lórí rẹ̀. N bá fi òkun náà fún ẹnikẹ́ni tó bá lè gbé mi sórí àga yẹn.

“Àǹtí, ẹ kú ọdún o,” Wúrà ní, òkèlè wà lẹ́nu rẹ̀.

“Ìwọ ń kọ́?” Ìyá mi sún mọ́ fóònù. “Ṣé o ti jẹun?”

Mo yanu láti sọ èyí tí mo máa ń sọ. Ó kọ̀, kò jáde.

“Rárá, Màámi. Ebi ń pa mí. Ẹ má jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán.”

Wúrà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó fi fóònù ti ara ìgò omi, ó wọlé lọ, ó gbé àwo tánganran méjì jáde. Ó na ọwọ́ sí iyán tó wà níwájú Wúrà, ó gé e sí méjì, ó gbé ìdajì sínú àwo kan, ó fi àwo kejì dé e, ó sì gbé e wọ yàrá lọ.